Ìsàlẹ̀ fọ́tò mi dúdú: ṣé kí n ra tírígà mìíràn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti sọ yàrá kan nílé wa ní Òṣogbo di sítúdíò kékeré. Kámẹ́rà Canon 700D ni mò ń lò, pẹ̀lú fúláàṣì méjì tí mo gbé sórí ìdúró àti tírígà olówó pọ́ọ́kú. Bí mo bá ti ya fọ́tò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó ta tírígà náà fún mi ní agbára rẹ̀ ò tó, kí n fowó kún un kí n gba èyí tó le. Ẹlòmíì ní òun lè tú fúláàṣì náà kí òun fi nǹkan kún un nínú. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Má ṣe ọ̀kankan. Má sì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ kí o tó ka èyí tán.

Láàárín oṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló ti fi irú fọ́tò yìí ránṣẹ́ sí mi. Ìlà dúdú kan náà ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà kan náà ni. Ọ̀kan nínú wọn ti ra tírígà kẹta kó tó rántí pé òun lè béèrè. Inú ń bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí ìwọ.

O ò sọ iye tí shutter speed rẹ wà, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó dá mi lójú pé o ti gbé e kọjá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá.

Kí ni tírígà? Rédíò kékeré ni. Èyí tó wà lórí kámẹ́rà ń sọ̀rọ̀, èyí tó wà nídìí fúláàṣì ń gbọ́. Àṣẹ pàtàkì tó ń pa kò ju ẹyọ kan lọ: "Tàn!" Bí fúláàṣì bá gbọ́, á tàn. Bí kò bá gbọ́, gbogbo fọ́tò ló máa ṣókùnkùn. Kò sí bó ṣe máa gbọ́ ìdajì kó wá tàn sí orí èèyàn kó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nínú fọ́tò tìrẹ, ojú ẹni tí o yà hàn kedere, fúláàṣì gbọ́ nìyẹn. Ta ló wá gé ẹsẹ̀ rẹ̀? Kámẹ́rà rẹ ni.

Níwájú sensor, ìyẹn pátákó kékeré tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, kọ́tìnì méjì ló wà. Bí o bá tẹ bọ́tìnì, ti àkọ́kọ́ á ṣí kọjá, èkejì á tẹ̀ lé e láti bo ojú ibẹ̀ padà. Eré tí wọ́n ń sá kì í yí padà. Ohun tí shutter speed ń yí padà ni bí èkejì ṣe máa pẹ́ tó kó tó gbéra. Ní 1/200, ti àkọ́kọ́ á ti gúnlẹ̀ kí èkejì tó ṣí ẹsẹ̀, gbogbo ojú sensor á wà ní gbayawu fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn ni fúláàṣì gbọ́dọ̀ tàn. Ní 1/500, èkejì ti ń bọ̀ lẹ́yìn nígbà tí àkọ́kọ́ ò tíì débi tó ń lọ, àlàfo tóóró kan ló kàn ń rìn kọjá. Fúláàṣì ò sì ní dúró de àlàfo tó ń rìn. Bí o bá dín agbára rẹ̀ kù sí 1/4, títàn rẹ̀ lè kúrú ju 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ibi tí kọ́tìnì bá ti bò lákòókò yẹn, iná ò débẹ̀. Àwòrán máa ń dorí kodò lójú sensor, ìdí nìyẹn tí dúdú náà fi ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò.

Iye tí o kò gbọdọ̀ kọjá yìí ni wọ́n ń pè ní sync speed. 1/200 ni ti 700D rẹ. Nikon D7200 gba 1/250, Canon 6D ò kọjá 1/180. Wo ìwé kámẹ́rà rẹ, má wo ẹnu ọlọ́jà.

O lè ní kí ló dé tí kámẹ́rà ò kìlọ̀ fún ẹ. Bí o bá ṣí fúláàṣì kékeré orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní jẹ́ kí o kọjá 1/200. Ṣùgbọ́n tírígà olówó pọ́ọ́kú ò bá a sọ nǹkan kan, kò tilẹ̀ mọ̀ pé fúláàṣì wà nínú ilé.

Dán an wò lálẹ́ òní. Kọjú sí ògiri funfun, ya á ní 1/125, ní 1/200, ní 1/320, ní 1/500. Wàá rí i bí dúdú yẹn á ṣe máa gòkè bí omi tó ń kún nínú kete. Lẹ́yìn náà, dá kámẹ́rà dúró lóòró kí o tún ya á: dúdú náà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Tírígà wo ló mọ̀gbà tí o yí kámẹ́rà?

Kí n má parọ́ mọ́ ọlọ́jà náà tán. Àwọn tírígà kan máa ń falẹ̀ díẹ̀, débi pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lè yọ ní 1/200 pàápàá. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/160 tàbí 1/125, ó parí. Kò ní ná ẹ ní nǹkan kan, torí nínú yàrá, shutter kọ́ ló ń pinnu bí iná fúláàṣì ṣe pọ̀ tó. Ibi tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà nìyí: fọ́tò mọ́lẹ̀ jù, ẹ bá sáré gbé shutter sókè. Gílóòbù àti wúńdò ni shutter ń bá wí. Ti fúláàṣì, agbára tó wà lára rẹ̀ ni kí o dín, tàbí kí o dín ojú lẹ́ńsì kù láti f/5.6 sí f/8, tàbí kí o dín ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba iná sí, tàbí kí o gbé ìdúró rẹ̀ sẹ́yìn. Bí o bá sọ àyè tó wà láàárín òun àti èèyàn di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin iná náà ló máa kù.

Fi kámẹ́rà sí M, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yan gbogbo nǹkan, ISO 100, 1/125, f/8. Pa tírígà, ya fọ́tò kan. Ó yẹ kó dúdú pátápátá. Tan tírígà padà, fi agbára fúláàṣì sí 1/4, kí o wá máa tún un ṣe láti ibẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ tú fúláàṣì ńkọ́? Rárá o! Kapásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń kó iná pamọ́, ń gbé iná bí 300 fólítì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti yọ bátìrì. Ayafọ́tò ni mí, mi ò kì í ṣe oníṣẹ́ iná, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá tú tirẹ̀, kó má ní èmi ni mo rán òun. Bákan náà ni fúláàṣì ayé fíìmù tí bàbá yín fi pamọ́: àwọn Vivitar 283 àkọ́kọ́ lè ní ju 200 fólítì lọ ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń ki í bọ orí kámẹ́rà. Má gbé irú rẹ̀ sórí kámẹ́rà òde òní láìjẹ́ pé oníṣẹ́ iná ti fi míta wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tí fúláàṣì yín ò tàn rárá, ẹjọ́ tiyín yàtọ̀. Ẹ wo irin ibi tí ẹ ń ki tírígà bọ̀ lórí kámẹ́rà. Bí irin tó rí roboto kò bá sí láàárín, bíi ti Canon 250D tàbí 4000D, tírígà tó jẹ́ irin àárín nìkan ló ní kò ní ṣiṣẹ́ láéláé. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà náà gan-an.

Àbúrò mi, owó tírígà tuntun yẹn, fi ra agboòrùn funfun kan fún fúláàṣì rẹ. Kí o sì so àpò yanrìn mọ́ ẹsẹ̀ ìdúró náà, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nílé.