Ọjọ́ Gùn Bí Ọdún, Oṣù Ń Sáré Lọ

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, abúlé kan lẹ́bàá Kábbà ni mò ń gbé. Àtìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti kú, tí àbíkẹ́yìn wa náà ti lọ Àbújá, èmi nìkan ló kù nílé. Màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, màá wo aago, mẹ́sàn-án ti lù, màá ro gbogbo èrò ayé tán, màá tún wò ó, mẹ́sàn-án àbọ̀ ò tíì lù. Síbẹ̀ ìgbà kajú ti wá ó ti lọ, mi ò mọ bó ṣe lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo múra, mo gbé Bíbélì, mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn wà ní títì, àṣé Sátidé ni. Ṣé mo ti ń ṣarán ni?

Ìdáhùn: Bàbá, òkun o, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Tẹ́ ẹ bá tún ń gbàgbé orúkọ èèyàn tàbí ọ̀nà ilé, ẹ jẹ́ kí dókítà wò yín. Ṣùgbọ́n ẹni tórí ẹ̀ pé dáadáa náà ń kó sí i o. Lọ́dún 1962 ọmọ Faransé kan, Michel Siffre, ọmọ ọdún 23, wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ, òun nìkan, kò sáago, kò sóòrùn. Ó máa ń ka oókan dé ọgọ́fà, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ẹyọ kan, ìṣẹ́jú méjì ló yẹ kó gbà á, márùn-ún ló ń lò. Nígbà tí wọ́n ní kó jáde ní September 14, lójú tiẹ̀ August 20 ni. Obìnrin Sípéènì kan, Beatriz Flamini, tiẹ̀ lo 500 ọjọ́ nínú ihò, ó jáde ní 2023, ó rò pé òun ò tíì lò ju bí 160 sí 170 lọ.

Ẹ máa ní ẹ̀yin ń rí oòrùn, ẹ sì láago. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ jókòó sínú mọ́tò ní gáréèjì Kábbà, tó ku èrò kan ṣoṣo kó kún, ṣé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ò gùn ju ọ̀nà Lọ́kọ́jà lọ ni? Ẹni tí kò ní nǹkan míì tó ń wò, àkókò fúnra ẹ̀ ló máa máa wò. Tó bá wá yíjú wẹ̀yìn, orí kì í ka aago níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń kà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àná sì rí bákan náà pẹ̀lú tòní, ló bá di gbogbo wọn pọ̀ bí ọjọ́ kan. Nígbà tí ìyá wà, ọjọ́ ọjà ò lè kọjá kí wọ́n má bi yín bóyá iyọ̀ ṣì kù.

Kàlẹ́ńdà ara ògiri ò lè ṣèyẹn jàre. Ẹ máa lọ ra iyọ̀ yín fúnra yín lọ́rọọrún, kódà kó má tíì tán. Ọmọ Àbújá yẹn, ẹ sọ fún un kó mú ọjọ́ kan pàtó tí á máa pè, "tí mo bá ráyè" yẹn ò tó. Tíṣà sì kọ́ lẹ pera yín? Ẹ kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ fún lẹ́sìn nírọ̀lẹ́, tọ́jọ́ bá ti pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé, wọ́n á ti máa pariwo lẹ́nu ọ̀nà.