Ẹ Kọ́kọ́ Ní Kí Bàbá Kábírù Ká Apá Ẹ̀wù Rẹ̀ Sókè

Ìyá Kábírù kọ̀wé sí mi láti Ọ̀fà. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ní kókó líle nísàlẹ̀ orúnkún méjèèjì, òmíràn sì wà lẹ́yìn èjìká, níbi tí okùn báàgì ilé-ìwé ti ń ha á. Ní ilé kéú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ká ẹsẹ̀ jókòó, tirẹ̀ kan á nà síta, wọ́n sì ti nà án lẹ́gba torí ẹ̀. Ìyá ọkọ ní kò sí irú rẹ̀ nínú ìran tiwọn, kí wọ́n lọ wádìí rẹ̀ nílé ìyá ọmọ. Wọ́n ti bá teguntegun kan sọ ọ́ pé kó wá tẹ kókó náà wọlé. Ọkọ ní tiẹ̀ ní kò tó ariwo, pé òun ní ọ̀kan lọ́rùn ọwọ́ láti kékeré, kò sì pa òun. Ìyá Kábírù wá ń bi mí: kí ni nǹkan yìí, ṣé jẹjẹrẹ ni, ṣé kí òun tún lóyún?

Ìyá Kábírù, ẹ kú ìrọ́jú. Ọkọ yín ti fẹnu ara wọn dáhùn ìdajì lẹ́tà yín, wọn ò kàn mọ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n ká apá ẹ̀wù àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, kí ẹ fọwọ́ wá orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, ìhà àti èjìká wọn. Ẹ wo apá méjèèjì bóyá ọ̀kan kúrú tàbí ó tẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹyọ kan sábà máa ń ní méjì mẹ́ta mìíràn tí kò kà sí.

Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ohun tí ẹ kọ jọ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hereditary multiple exostoses. Eegun ló ń yọ lára eegun bí ẹ̀ka ṣe ń yọ lára igi, tí eegun rírọ̀, irú ti etí, sì bò ó lórí. Ìtòsí oríkèé ló ti ń yọ, níbi tí eegun ọmọdé ti ń gùn. Bí ọmọ ṣe ń ga ni kókó ń tóbi. Bí gíga bá parí, òun náà á dúró. Jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún nínú ara òbí, méjì ni wọ́n mọ̀ nídìí rẹ̀ jù, EXT1 àti EXT2. Tó bá wà lára bàbá tàbí ìyá, oyún kọ̀ọ̀kan lè mú un, ó sì lè má mú un, ìdajì sí ìdajì. Nínú èèyàn 10 tó ní in, a máa tó 1 tí kò sí lára òbí rẹ̀ kankan.

Ẹ má wá gbé èyí lọ bá ìyá ọkọ yín pé ọmọ wọn ló kó o wá. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín fúnra wọn na ọwọ́ náà sí ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ á wọ̀ wọ́n létí ju ti ìyàwó lọ, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ní ti teguntegun, rárá. Eegun tó dá tàbí tó yẹ̀ ni wọ́n ń tò. Èyí kò dá, kò yẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde orúnkún, iṣan kan (èyí tí wọ́n ń pè ní nerve) gba ibẹ̀ kọjá tó ń jẹ́ kéèyàn lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Ẹni tó bá fi agbára tẹ ibẹ̀, tàbí tó sín gbẹ́rẹ́ jinlẹ̀, lè sọ ọmọ yín di ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ lọ bá àlùfáà kéú náà pẹ̀lú, kí wọ́n fún un ní àpótí ìjókòó. Àìgbọràn kọ́ ni.

Fọ́tò eegun (X-ray) ló sábà máa ń fi í hàn. Tí fọ́tò bá ti ṣe kedere tí ti bàbá náà sì wà níbẹ̀, àyẹ̀wò jíìnì lè má pọn dandan. Kò sí oògùn tó ń yọ́ ọ, àgbo náà ò lè yọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ kókó ni wọn kì í fọwọ́ kàn. Èyí tó bá ń dunni gan-an, tó ń tẹ iṣan, tàbí tó ń ba ìdàgbà eegun jẹ́ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ yọ. Lára ọmọ kékeré, ó tún lè hù padà, abẹ tó bá sì kan ibi tí eegun ti ń gùn lè dí gíga lọ́wọ́. Nítorí náà, bí kókó bá tóbi nìkan, ẹ má kánjú. Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni ọwọ́ tí kò yí délẹ̀ mọ́ nígbà tó bá ń gba owó, apá tó ń tẹ̀, orúnkún tó ń gbá ara wọn, ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri. Tí orúnkún bá ń wọ́ bí ọmọ ṣì ṣe ń ga, irin kékeré tí wọ́n fi sára eegun lè darí rẹ̀ padà. Tí gíga bá ti parí, àfi kí wọ́n gé eegun tún un tò, iṣẹ́ tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n gidi lára ọmọdé. Lára àgbà tó ní kókó yìí, nǹkan bí 1 sí 5 nínú 100 ni àwọn dókítà máa ń sọ. Ọkọ yín ló kàn jù: kókó tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, lẹ́yìn tí èèyàn ti dàgbà, kí wọ́n má ní kò tó ariwo.

Oyún mìíràn, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa pinnu. Tèmi ni pé ọkọ yín ní in, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti bímọ. N kò ní torí èyí nìkan sọ pé kí ẹ má bí mọ́.

Ẹ ya fọ́tò ní ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun ní UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lójú ọ̀nà Òkè-Oyì ní Ìlọrin. Ẹ mú ọkọ yín dání, wọ́n á fẹ́ yẹ àwọn náà wò. Ẹ gba fọ́tò náà padà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ sílé. Òun ni wọn yóò fi wé èyí tí wọ́n bá yà lọ́dún tó ń bọ̀.