Ṣé dandan ni kí wọ́n fá eyín kí wọ́n tó fi composite tún un ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Sùúrùlérè ni mo ń gbé, ẹni ọdún 31 ni mí. Ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́dún tó kọjá, etí ọ̀kan nínú eyín méjèèjì tó wà láàárín lókè sì kán. Èkejì rẹ̀ ní àmì funfun kan láti kékeré. Mo tún ní ẹ̀jí láàárín wọn, mo sì fẹ́ kí wọ́n dí i. Ilé ìtọ́jú eyín kan ní Lẹ́kkí ní àwọn máa fá eyín mẹ́jọ káwọn tó lè fi veneer, ìyẹn èèpo fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín, sí i. Ẹlòmíì sọ fún mi pé composite wà tí wọn kì í fá eyín fún. Èwo ni kí n gbà? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ló sì lè yíwọ́ níbẹ̀? Màámi ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀jí yẹn o.

Ìdáhùn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu ọ̀kadà. Ẹ má gbà kí wọ́n fá eyín mẹ́jọ nítorí eyín méjì. Èèpo líle tó bo eyín lójú kì í hù padà. Èyí tí ẹ̀rọ bá ti fá kúrò, ó lọ pátápátá nìyẹn. Veneer tánganran pàápàá, nǹkan bíi 0.5 mm ni wọ́n sábà máa ń fá níwájú eyín fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fá eyín yín yípo títí tó fi kù ṣóńṣó, crown ló fẹ́ dé e lórí, orúkọ yòówù kó pè é. Eyín tí wọ́n bá fá báyẹn kò lè wà láìní ìbòrí mọ́ láéláé.

Composite yàtọ̀. Oje resin àti lẹ́búlẹ́bú gíláàsì ni wọ́n pò pọ̀, ó rọ̀ nígbà tó bá jáde láti inú síríǹjì rẹ̀, iná aláwọ̀ búlúù ló sì ń sọ ọ́ di líle. Ojú èèpo eyín la máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Lára eyín yín, ibi tó kán nìkan ni wọ́n á fi ẹ̀rọ gbá létí, nǹkan bíi 1 sí 2 mm, kó lè dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ojú àpá má baà hàn. Kò sábà gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú tipiri.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ya X-ray eyín tó kán yẹn. Eyín tó gbá nǹkan lè máa kú láti inú wá fún oṣù tàbí ọdún kó tó hàn. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń ṣú ju ti èkejì lọ, ó lè jẹ́ pé ìtọ́jú inú gbòǹgbò ló máa ṣáájú. Kí wọ́n tún ní kí ẹ pa eyín pọ̀, kí ẹ sì fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú, kí wọ́n wo bí eyín ìsàlẹ̀ ṣe ń kàn án. Ẹni tó bá ń payín keke lójú oorun, kó sọ ọ́ síta, torí òun ló máa kọ́kọ́ fọ́ composite. Bí èrìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ fọ eyín mọ́ nílé ìwòsàn ná, kí ẹ fún èrìgì ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó san. Bákan náà, bí ẹ bá fẹ́ sọ gbogbo eyín di funfun, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Oògùn rẹ̀ máa ń fi ọ́síjìn sílẹ̀ nínú èèpo eyín, ọ́síjìn yìí kì í sì í jẹ́ kí composite dì dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì là á láàárín. Oògùn náà kì í sọ composite fúnra rẹ̀ di funfun, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé ṣe lẹ́yìn.

Lórí ẹ̀jí, ẹ̀yìn ìyá yín ni mo wà. Ẹ̀jí a máa buyì kún ẹ̀rín nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká ṣe ìṣirò. Eyín àárín lókè sábà máa ń fẹ̀ tó 8.5 mm, ó sì máa ń gùn tó 10.5 mm; fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 80% gígùn rẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń dùn ún wò. Bí àlàfo bá jẹ́ 2 mm, tí ẹ bá fi 1 mm kún eyín kọ̀ọ̀kan láti dí i, fífẹ̀ á di 9.5 mm. 90% nìyẹn: eyín á ti di pátákó. Ẹni tó bá fẹ́ dí àlàfo tó ju 2 mm lọ, wáyà tó ń fa eyín pọ̀ ló yẹ kó bèèrè. Bí ẹ bá taku, ẹ ní kí wọ́n dín in kù díẹ̀, kí wọ́n má dí i tán. Ohun kan wà o: ẹ̀jí tí wọ́n bí mọ́ ẹni kì í fẹ̀ sí i. Bí ti yín bá ń fẹ̀ láìpẹ́ yìí, àìsàn èrìgì ni kí wọ́n wá.

Ní ti àmì funfun, ó lè má gba veneer rárá. Oje resin ṣíṣàn kan wà tó máa ń wọnú irú àmì bẹ́ẹ̀ tí àmì á fi rẹlẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán ìyẹn wò.

Ẹ bèèrè fún ìdánwò kó tó kan ásíìdì tó ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dì mọ́ eyín. Dókítà á fi composite mọ ibi tó kán láìfi gọ́ọ̀mù sí i, á tan iná sí i, ẹ ó sì wo dígí. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ wá sọ pé “Fọ́lá ń fọ ẹ̀fọ́”. Ibi tí inú ètè ìsàlẹ̀ tó tutù ti pàdé ìta rẹ̀ tó gbẹ ni etí eyín òkè yẹ kó máa kàn. Bó bá gùn jù, ẹnu yín á máa kọ́ F, etí náà á sì tètè kán. Torí pé kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, wẹ́rẹ́ ló máa ṣí. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, wọ́n á fi silicone tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kó di mọ́ọ̀dù tí wọ́n máa tẹ̀ lé.

Àwọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yàn kí ẹnu tó gbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu lípsítíìkì kúrò. Eyín tó gbẹ fún ìṣẹ́jú mélòó kan máa ń funfun ju bó ṣe rí lọ. Bí wọ́n bá yan àwọ̀ nígbà yẹn, tó bá di ọjọ́ kejì tí eyín ti mumi padà, composite á dá yàtọ̀ gedegbe.

Itọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Wọ́n á na rọ́bà pẹlẹbẹ kan sórí eyín, tàbí kí wọ́n fi òwú há ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á sì fi tẹ́ẹ̀pù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ we eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe yà á sí ohun ìyanu bí ẹ bá rí i pé irú èyí tí àwọn plọ́ḿbà ń lò ni. Ásíìdì phosphoric 37% ni wọ́n á wá fi sójú eyín fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30. Wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á fẹ́ ẹ gbẹ, ojú eyín á sì funfun bí ẹfun. Bí kò bá funfun bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù ò ní ríbi dì mú. Bí itọ́ bá kàn án lẹ́yìn náà, fífi òwú nù ún kò tó, àfi kí wọ́n tún fi ásíìdì kàn án. Composite tó ṣí lódindi láàárín oṣù mélòó kan, ibí yìí ni ẹ̀sùn sábà máa ń wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á máa fi composite sí i ní ìpele-ìpele, ìpele kan kò gbọ́dọ̀ nípọn ju 2 mm lọ, kí iná sì tàn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20. Bó bá nípọn jù, òkè á le, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀. Bátìrì ni púpọ̀ nínú àwọn iná yìí ń lò, nítorí náà ẹ má da ọ̀rọ̀ rú mọ́ NEPA. Iná tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú, tàbí tí composite ti gbẹ mọ́ lórí, ló léwu. Ooru Èkó náà ò bá composite rẹ́. Inú fíríìjì ló yẹ kó máa wà, kí wọ́n gbé e jáde ṣáájú iṣẹ́ kó lè rọ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n fi ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára síríǹjì rẹ̀ hàn yín, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀.

Dídán ló kù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń kánjú ti máa ń jó rẹ̀yìn. Wọ́n á fi páálí yíyípo oríṣiríṣi gbá a láti èyí tó rí gbágungbàgun dé èyí tó kúnná. Kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ ní kí wọ́n ki okùn ìfọyín sáàárín eyín: ó gbọ́dọ̀ wọlé kó sì jáde láìya. Bó bá ń ya, composite ti yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrìgì, èrìgì á pupa, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Wákàtí kan lórí eyín kan kò pọ̀ jù. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tún un dán.

Ó sábà máa ń lò tó ọdún 5 sí 7. Ẹ má fi í ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ má fi ṣí ìgò, ẹ má fi fọ́ egungun tàbí ìrèké. Pákò kò burú, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn ni kí ẹ fi rún un kó rọ̀ kó tó kan iwájú. Obì, zobo, tíì, kọ́rì àti sìgá máa ń kun ún. Ọṣẹ ìfọyín eléèédú máa ń họ dídán rẹ̀ kúrò, omi ìfọnu tó ní chlorhexidine sì máa ń jẹ́ kó pọ́n bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́.

Láti Sùúrùlérè, ilé ìwòsàn ìjọba LUTH tó wà ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí yín. LASUTH náà wà ní Ìkẹjà. Bí ẹ bá yàn láti lọ sí ti àdáni, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ ọdún yìí tí Medical and Dental Council fún dókítà náà, kí ẹ sì mọ̀ bóyá owó eyín kọ̀ọ̀kan kan dídán lẹ́yìn. Ẹ sá fún ilé oge tí wọ́n ti ń lẹ eyín.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé díẹ̀ kán lára rẹ̀, ẹ má fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Ẹ pe dókítà. Wọn kò ní yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n á kàn họ ojú ibi tó kán, wọ́n á tún fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á sì fi composite tuntun kún un.