Ìdáhùn fún ẹni tí ẹ̀rù ogbó ń bà

Mo ka ìbéèrè yín, àbúrò mi, pé ẹ ti pé ọmọ ọdún 57, pé ó ku ọdún 3 kí ẹ fẹ̀yìn tì, pé ọjọ́ ìbí kì í dùn mọ́ yín nínú mọ́, pé dáì dúdú lẹ fi ń bo ewú yín, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ayọ̀ kankan ṣì kù fún ẹni tí ewú ti gba orí rẹ̀. Èmi ti di ẹni ọdún 68, ojú mi ló sì rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Òfin iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni pé ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 60, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá ṣáájú nínú méjèèjì, gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì. Ọdún 60 ló ká mi mọ́. Fún oṣù bíi mẹ́jọ lẹ́yìn náà, aago márùn-ún ìdájí ni mo ṣì máa ń jí. N ó wẹ̀, n ó wọ aṣọ tí mo ti lọ̀ láti alẹ́, n ó sì jókòó sí pálọ̀ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò tí kò ní í wá. Owó ìfẹ̀yìntì tó pẹ́ kó tó jáde dá kún un, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà mí mọ́ àwọn arúgbó.

Àwọn arúgbó ọ̀hún wà ní ìkòríta àdúgbò wa ní Ìbàdàn, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí mo bá ń kọjá, ńṣe ni mo máa ń yára rìn kí wọ́n má baà pè mí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn bí ọdún méjì, eékún dá mi dúró, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn láti sinmi. Bàbá kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún ti ọpọ́n síwájú mi. Mo fojú kéré wọn, nítorí wọn kì í rántí ibi tí wọ́n bá fi awò ojú wọn sí. Ṣùgbọ́n ihò 12 àti ọmọ ayò 48 kò sá mọ́ wọn lójú rárá: wọ́n ti mọ iye ọmọ tó wà nínú odù tí mò ń kó jọ sí igun ọpọ́n, nígbà tí mo sì ta á, kò rí nǹkan kan jẹ. Wọ́n pè mí ní ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí kò mọ ayò ta. Gbogbo bẹ́ǹṣì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti gbìyànjú láti borí mi nínú ohunkóhun. Ọ̀wọ̀ nìkan ni wọ́n ń bù fún mi níbòmíràn, ọ̀wọ̀ a sì máa sọ ènìyàn di ère nígbà mìíràn.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ọjọ́ orí kò ju òǹkà lásán lọ. Irọ́ ni, eékún mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹni ń kú pẹ̀lú: a ti sin ẹni méjì lára àwọn tí à ń jọ ta ayò. Síbẹ̀, ní ọdún méjì tí inú mi bàjẹ́ jù lọ yẹn, ara mi yá ju ti ìsinsìnyí lọ.

Ní ti dáì dúdú tí ẹ ń lò, ọjọ́ orí tí ẹ wà yìí gan-an lèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, títí ojú mi fi wú ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin, tí mo sì wọ gbọ̀ngán ayẹyẹ pẹ̀lú awò dúdú bí olè. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PPD wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú. Ara lè gbà á fún ọdún púpọ̀ kó tó kọ̀ ọ́ lójijì. Bí ẹ kò bá tíì ṣe tán láti fi í sílẹ̀, n kò dá yín lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, kí ẹ dúró fún wákàtí 48. Bí ibẹ̀ bá ń yún yín, ẹ má ṣe fi kan orí. Nígbà tí èmi fi í sílẹ̀, ìyàwó mi ní ewú yẹ mí. Bàbá oníayò ní ó yẹ ọ̀pẹ.