Kárọ́ọ̀tì mi ní ewé yọ̀yọ̀, ìdí rẹ̀ kò ta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa àgbẹ̀. Mo gbin kárọ́ọ̀tì sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta níbí, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i dáadáa. Ewé ẹ̀ dùn-ún wò, àmọ́ nígbà tí mo wú u, òmíràn kò ju ìka ọwọ́ lọ, òmíràn pín sí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ kó lè tanná kí n rí irúgbìn, kò tanná. Mo tún gé orí èyí tí mo rà ní ọjà Kútọ̀, mo rì í mọ́lẹ̀, ewé nìkan ló ń yọ. Níbo ni mo ti ṣì í? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Ẹ má dúró de òdòdó kárọ́ọ̀tì ní Abẹ́òkúta. Ọdún méjì ni ayé kárọ́ọ̀tì. Lọ́dún kìíní, á kó oúnjẹ pamọ́ sí gbòǹgbò. Òtútù tó wálẹ̀ tó bíi 10°C gbọ́dọ̀ mú un fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó na ọ̀pá sókè, kó wá tan òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tó tẹ́ bí agboòrùn. Ọyẹ́ tiwa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ má sì jẹ́ kó dùn yín: kárọ́ọ̀tì tó bá ti tanná, gbòǹgbò rẹ̀ á le bí igi, kò ní ṣeé jẹ. Irúgbìn inú páálí ni kẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, torí irúgbìn kárọ́ọ̀tì kì í pẹ́ kú.

Ti orí tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀: gbòǹgbò tí wọ́n ti gé kì í hù padà. Ewé rẹ̀ ṣeé jẹ ṣá o, ehoro náà sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ilẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà. Abẹ́òkúta la wà, ìsàlẹ̀ Olúmọ. Yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Bí ẹnu gbòǹgbò bá kan òkúta, á pín. Ìgbẹ́ adìẹ tútù náà máa ń mú un pín, ó sì ń ti gbogbo agbára sí ewé. Ẹ kó ebè tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi asẹ́ jọ iyẹ̀pẹ̀ náà. Ìgbẹ́ tó ti jẹrà pátápátá, tí kò rùn mọ́, ni kẹ́ ẹ lò, ó sì sàn kẹ́ ẹ ti pò ó mọ́lẹ̀ ṣáájú. Irú kúkúrú tó sanra, Chantenay, ni mo máa ń sọ fún àwọn tí ilẹ̀ wọn le. Kuroda náà fara da ooru díẹ̀.

Ẹ gbìn ín níparí oṣù kẹwàá tàbí nínú oṣù kọkànlá, kó lè bá òru ọyẹ́ pàdé. Ooru ni kì í jẹ́ kó ta dáadáa. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ lọ́jà wa fi ń ti Jos, Zaria àti Kano wá. Ojú ibi tó máa dàgbà sí ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn sí, ẹ má lọ́ ọ láti ibòmíì. Kò gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan. Ó lè gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó hù, ojú ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbẹ láàárín ìgbà yẹn. Àpò tútù tẹ́ ẹ tẹ́ lé e á gbà yín, ẹ ṣáà ká a kúrò gẹ́rẹ́ tó bá yọjú. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àwọn tó sún mọ́ra tu títí tí ọ̀kan fi máa jìnnà sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ó máa ń dun ènìyàn láti fà á tu, àmọ́ ẹ fà á. Láàárín oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀, ẹ lè wú u.

Bẹ́ ẹ bá rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò, aràn tíntìntín inú ilẹ̀ ló fà á. Ẹ má gbin kárọ́ọ̀tì, tòmátì tàbí ilá síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.