Ṣé Kí N Ta Ṣọ́ọ̀bù Mi Kí N Lọ Sí Accra?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin màmá wa. Irun ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí Ojúwoyè ní Muṣin. Mo ní ìbejì, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta sì wà lọ́wọ́ mi. Epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo èrè mi tán. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Accra ní iná kì í dá àwọn láàmú, pé ara tu àwọn ju ará Èkó lọ, kí n ta ṣọ́ọ̀bù kí n máa bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ibẹ̀ rí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìyá Táyé, Muṣin.

ÌDÁHÙN: Ìyá Táyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ṣọ́ọ̀bù yẹn. Madina ni mo gbé ní Accra láti 2011 di 2016, irun náà ni mo sì ṣe jẹun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àbúrò ọkọ yín fò dá. Òfin ìdókòòwò tí Gánà ṣe ní 2013 ka àwọn iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀ nìkan: kíkiri ọjà, títa ọjà nínú ìsọ̀, píọ́ wọ́tà, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àti ṣọ́ọ̀bù aṣerunlóge. Wọ́n dárúkọ iṣẹ́ wa gan-an nínú ẹ̀. Àlejò tó bá sì fẹ́ máa ra ọjà máa tà, òfin yẹn ní kó kó mílíọ̀nù 1 dọ́là kalẹ̀, kó gba ọmọ Gánà 20 síṣẹ́. Ọdún márùn-ún tí mo lò, n kò ní ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ obìnrin ará ibẹ̀ kan ni mo wà; bí mo bá ṣe orí mẹ́ta, owó orí kan ni tèmi. Ó ṣe dáadáa sí mi o, Ọlọ́run á bùkún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá ní Ojúwoyè.

Ní ti iná, àbúrò ọkọ yín kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ojú mi ni wàhálà tí wọ́n ń pè ní dumsor ṣe ṣẹlẹ̀. Èdè Twi ni: dum, pa á, sɔ, tàn án. Ní 2015 ó burú débi pé wọ́n á pa iná fún wákàtí 24, wọ́n á tàn án fún 12. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń kéde àsìkò tó kan àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi lẹ ìwé náà mọ́ ara dígí. Ọjọ́ tí iná bá máa wà, la máa ń pe àwọn tó fẹ́ jókòó sábẹ́ dráyà; ọjọ́ tí kò bá sí, irun dídì la máa ń gbà. A mọ ibi tí ọjọ́ máa já sí. Ní Èkó, ìgbà tí rìláàsà bá wà lórí oníbàárà gan-an ni iná máa ń lọ! Lẹ́yìn 2016, dumsor yẹn dẹwọ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ wádìí bóyá àdúgbò yín ní Muṣin wà lára Band A, àwọn tó yẹ kí wọ́n rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́. Ní April 2024, owó yúníìtì kan gòkè fún wọn láti bíi 68 náírà sí 225, kó tó já wálẹ̀ díẹ̀. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ẹ fi wé owó epo tí ẹ ń rà lọ́sẹ̀ kan kí ẹ tó bínú.

Ọjà pẹ̀lú le níbẹ̀. Ní December 2022, ọ̀wọ́ngógó ọjà Gánà kọjá ìdá 54 nínú 100, oṣù yẹn náà sì ni ìjọba wọn dáwọ́ sísan púpọ̀ nínú gbèsè òkèèrè dúró. Ní ti ilé, lánlọ́ọ̀dù ni lánlọ́ọ̀dù: òfin wọn ti 1963 ní kí wọ́n má gbà ju owó oṣù 6 lọ ṣáájú, síbẹ̀ owó ọdún 2 ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mò ń ṣàárò títí dòní ni káàdì NHIS, ìṣètò ìlera tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2003. Ibà kọ lu ọmọ mi lóru ọjọ́ kan, mo gbé e dé kílíníìkì, mo mú káàdì jáde, wọ́n sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi láìbéèrè kọ́bọ̀. Nígbà tí a padà sí Èkó, ilé ìwòsàn kan ní kí n lọ sanwó ná, ọmọ náà sì ń gbọ̀n lẹ́yìn mi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ní trotro, dánfó tiwọn, pẹ̀lú, mate, ìyẹn kọ̀ńdọ́ wọn, á ka ṣéńjì lé ọ lọ́wọ́, kò sí “wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!”

Ìyá ìyá mi ń ta aṣọ ní Kumasi nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ, ní November 1969, pé kí àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Títí tó fi kú, ó ṣì ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka oríkì. Ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà ní 1983. Ìdí nìyí tí mo fi ń bi yín nípa ìwé: orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sórí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ bá ṣí lọ́hùn-ún?

Bí ọkàn yín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó dàgbà jù, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì ní Jìbówú, ẹ gba Sèmè lọ. Ọmọ ECOWAS ni yín, ẹ lè lo ọjọ́ 90 láìgba físà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó. Ẹ ní kí àbúrò ọkọ yín fi rìsíìtì iná àti ti ilé rẹ̀ hàn yín. Kí ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù irun kan ní Madina lọ́jọ́ Sátidé, láti àárọ̀ di alẹ́, kí ẹ ka orí tó wọlé àti iye tó kan ẹni tó ṣe é. Kí ẹ tó lọ, ẹ ka ti Ojúwoyè náà ní Sátidé kan. Ẹ kọ iye méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.