Bọ́ọ̀dù ìwọ̀n gíga kò mọ ohun tó ń ba ọmọ lẹ́rù

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin ti pé ọdún mẹ́fà, ó ga tó íńṣì 45, ẹ sì fẹ́ mú un lọ sí Magic Kingdom, ọgbà ìgbafẹ́ Disney ní Orlando, bẹ́ẹ̀ ó máa ń sá fún jangílófà tó bá ti fò sókè díẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá ní ohunkóhun tí bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ ìwọ̀n gíga sí lẹ́nu ọ̀nà bá ti gbà á láyè láti gùn, kó gùn ún, torí owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe kékeré. Ibi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù yẹn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà.

Irin tó ń di èèyàn mú lórí ìjókòó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ìwọ̀n gíga síbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí ọmọ bá ti ga tó báyìí, irin náà á dì í mú, kò ní yọ̀ bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rù. Ẹ wo Soarin' tó wà ní EPCOT àti Tower of Terror tó wà ní Hollywood Studios, ọgbà Disney méjì mìíràn ní Orlando níbẹ̀. Íńṣì 40 ni àwọn méjèèjì ń béèrè. Ní Soarin', wọ́n á gbé ìjókòó yín sókè jẹ́jẹ́ níwájú àwòrán gàgàrà kan, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí yín lójú, bí ẹni tó ń fò kọjá lórí òkè àti òkun. Tower of Terror ní tirẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè tó ń já wálẹ̀ lójijì nínú òkùnkùn ni, ó tún ń gbé yín padà sókè, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tó máa tún já. Ọmọ kan náà lè máa rẹ́rìn-ín nínú èyí, kó má sì rí oorun sùn lálẹ́ nítorí ìyẹn. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Frozen Ever After kò béèrè gíga kankan, ọmọ ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi yẹn máa ń fà sẹ́yìn nínú òkùnkùn, ó sì ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òbí tó rí i pé wọn ò kọ ìwọ̀n síbẹ̀ á rò pé orin nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó yẹ ohun eré kankan wò, ọmọ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. “Ó máa ń bẹ̀rù” kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ọmọ tí ẹ̀rù jíjá wálẹ̀ ń bà lè jókòó sínú òkùnkùn biribiri kó máa jẹ gúgúrú rẹ̀ lọ. Èyí tí òkùnkùn ń bà lẹ́rù lè gun roller coaster, ọkọ̀ eré tó ń sáré gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ lórí ojú irin, lójú oòrùn, kó sì ní òun fẹ́ tún un gùn. Ariwo òjijì, ohun tó ń yọ síni láìròtẹ́lẹ̀, yíyípo, fífà sẹ́yìn, ibi gíga tí ẹsẹ̀ ti ń rọ̀ dirodiro, yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ni, jíjókòó láìsí màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni: ẹ̀rù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò, ẹ máa kíyè sí i. Bí mọ́tò bá gba orí gegele kọjá tí inú fò sókè, ṣé ẹ̀rín ló ń rín ni àbí ó di yín lápá mú? Bí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ ní ilé ìyàgbẹ́ bá pariwo, ṣé ó máa ń di etí? Tó bá rí eégún, tàbí ẹni tó gbé orí ẹranko wọ̀ níbi ọjọ́ ìbí, ṣé ẹ̀yìn yín ló ń sá sí? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni jangílófà tó ń sá fún yẹn. Bí inú ṣe ń fò sókè nígbà tí jangílófà bá ń padà bọ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti roller coaster, àfi pé tibẹ̀ lágbára jù. Ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ti máa ní “ó tó.” Lẹ́yìn náà, kí ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ju ara rẹ̀. Bó bá ga ju ibi tó ní kí ẹ dúró lọ nígbà tó ń dá a ṣe, a jẹ́ pé kì í ṣe gíga ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ìjánu kò sí lọ́wọ́ òun.

Dumbo, erin tó ń fò yí po, ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan wà níwájú ìjókòó tí ọmọ á fi máa gbé erin náà sókè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá wù ú, kó máa yí po nísàlẹ̀ títí tó fi máa tán. Magic Carpets of Aladdin fara jọ ọ́, àmọ́ níbẹ̀, àwọn tó wà níwájú ló ń darí gíga, àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń darí bí ẹní tí ẹ jókòó lé ṣe ń dojú kọlẹ̀ tàbí kọ òkè. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn ìjàngbọ̀n sẹ́yìn ọmọ yìí. Bákan náà ni Mad Tea Party, níbi tí ẹ ti ń jókòó sínú ife tíì ńlá: àwo róbótó kan wà láàárín ife náà, bí ẹ bá ṣe ń yí i ni ife á máa yí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i, yíyí rẹ̀ kò le. Astro Orbiter dà bí ẹ̀gbọ́n Dumbo téèyàn bá wò ó látòkèèrè, ṣùgbọ́n orí pèpéle gíga ló wà, ẹ̀rọ agbéniròkè ni wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ lójú òfúrufú. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Bó bá jẹ́ òkùnkùn ni, “it's a small world” ni ìpele àkọ́kọ́: ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ jẹ́jẹ́, iná wà níbi gbogbo, kò sí ibi tó ti ń já. Peter Pan's Flight ṣókùnkùn, àmọ́ kò sí ohun tó ń yọ síni. Ní Under the Sea, ìkarahun tí ẹ jókòó sí máa yí padà, á sì fẹ̀yìn rìn lọ sísàlẹ̀ bí ẹni pé ẹ ń wọnú òkun. Ẹ sọ èyí fún un ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún un pé Ursula, àjẹ́ inú òkun, tóbi gan-an níbẹ̀. Pirates of the Caribbean ní ìjáwálẹ̀ kúkúrú kan nínú òkùnkùn nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ariwo ìbọn àgbá àti egungun òkú náà sì wà níbẹ̀. Haunted Mansion, ilé àwọn iwin, ni òbí máa ń ṣì mọ̀ jù. Ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ kò le rárá, kò já, kò sáré. Yàrá tí wọ́n ti kọ́kọ́ kó èèyàn jọ ló ń ba ọmọ lẹ́rù: wọ́n ti ilẹ̀kùn, ògiri ń gùn sókè, iná kú, ẹnì kan pariwo. Ọmọ tó bá lè fara da ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, ìyókù kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu.

Ti roller coaster wàyí. Barnstormer, tó ń béèrè íńṣì 35, ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìta gbangba ló wà, ọmọ lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó wo ojú irin rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ń gba kọ́nà lójijì, ìyẹn ni líle rẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tó ń fò sókè tayọ̀tayọ̀, Seven Dwarfs Mine Train ló kàn, íńṣì 38: ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ọkọ̀ rẹ̀ máa ń fì sọ́tùn-ún sósì, ó ń wọnú ihò, àmọ́ iná òkúta olówó iyebíye mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń rọra lọ láàárín kí ẹ lè wo àwọn aràrá tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara yín.

Ẹ wò ó, Space Mountain, roller coaster inú òkùnkùn, ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí bọ́ọ̀dù rẹ̀ tàn yín. Íńṣì 44 ló ń béèrè, ọmọ yín ga tó íńṣì 45, wọ́n á gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìjókòó rẹ̀ tò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ ò lè jókòó ti ọmọ yín, ẹ ò lè di ọwọ́ rẹ̀ mú, inú òkùnkùn ni, kò sì ní rí kọ́nà tó ń bọ̀. Eré rẹ̀ kò tó máìlì 30 ní wákàtí kan, eré mọ́tò ládùúgbò ni. Àìríran ló sọ ọ́ di ńlá. Ọmọ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, tó ń bẹ̀rù jíjá, tó tún nílò ọwọ́ màmá rẹ̀, mẹ́ta nínú ẹ̀rù rẹ̀ ló máa bá pàdé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tiana's Bayou Adventure, íńṣì 40, kò fi ohun tó le jù pa mọ́: ìjáwálẹ̀ ńlá rẹ̀, tó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50, ẹ lè rí i láti ìta. Ẹ dúró kí ọmọ wo ọkọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó já kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ẹ bá jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Lórí roller coaster, ẹ̀yìn ló le jù, torí iwájú ọkọ̀ á ti máa sáré lọ sísàlẹ̀ kí ẹ̀yìn tó dé góńgó, á wá fà á já. Ẹ béèrè fún àárín. Lórí ọkọ̀ ńlá tó ń fì síwá sẹ́yìn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ kéékèèké, àárín ni kò fi bẹ́ẹ̀ fò, ìkángun méjèèjì ló ga jù. Ní Soarin', ìlà iwájú ló ń ga jù. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé ìlà kẹta lẹ fẹ́. Níbi tí irin kan ṣoṣo bá ti dé ẹni méjì, itan àgbàlagbà ni irin máa dúró lé, àyè á ṣẹ́ kù lórí itan ọmọ, á sì máa fò kúrò lórí ìjókòó. Irin náà kò tú u sílẹ̀, àmọ́ ọmọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti ẹni tí itan rẹ̀ kéré jù nínú àwọn àgbà ilé.

Fídíò tí wọ́n yà láti orí ìjókòó wúlò, ẹ wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà máa ń mú òkùnkùn mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ, kì í sì í fi bí inú ṣe ń fò hàn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ojú àwọn ọmọ tó ń jáde ni kí ẹ wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn bá tiyín mu.

Ẹ má tàn án láé. Ẹ má sọ pé “kò já rárá” nígbà tó ń já. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọ tí wọ́n tàn gun ọ̀kan kò ní gba Dumbo pàápàá gbọ́ mọ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ á sì ṣòfò lódindi. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ojo lórí ìlà. Bó bá dákẹ́ ṣáá, tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, tó ń ní inú ń run òun tàbí òun fẹ́ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà àbájáde wà títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́, wọ́n á fi hàn yín. Bí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ bá fẹ́ gùn ún, ẹ béèrè Rider Switch lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó tò: ẹnì kan á dúró ti ọmọ, ẹnì kejì á gùn ún, ẹ ó sì pààrọ̀ láìtún ìlà gígùn tò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje gbọ́dọ̀ ní ẹni ọdún 14 ó kéré tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ọdún mẹ́wàá kò lè mú un gùn ún.

Tí ẹ bá ti jókòó, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, kó le ikùn rẹ̀, kó sì pariwo síta bó bá ń já. Èémí tó ń jáde lè dín fífò inú kù. Kó má dijú, torí ìyẹn lè mú kí èébì máa gbé e. Níbi tí wọ́n bá ti fún yín ní awò tó ń mú kí àwòrán dà bí ohun tó ń fò sí èèyàn, bíi sinimá PhilharMagic, bó bá yọ awò náà, àwòrán kò ní fò sí i mọ́. Ìbòtí tó ń dín ariwo kù wà fún ọmọ tí ariwo ń dà láàmú. Ẹ tún sọ fún un pé ọkọ̀ lè dúró láàárín, pé òṣìṣẹ́ á sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ, kì í ṣe jàǹbá.

Fún àárọ̀ ọjọ́ kìíní, “it's a small world,” Dumbo, Peter Pan, kí ẹ jẹun, kí ẹ sinmi kí oúnjẹ dà, lẹ́yìn náà Barnstormer bó bá gbà. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má bi í pé “ṣé ó bà ẹ́ lẹ́rù?” Ẹ bi í pé ibo ló dùn jù, ibo ni kò fẹ́. Bó bá ní Barnstormer yẹn lòun tún fẹ́, kódà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó gùn ún. Seven Dwarfs kò ní sá lọ.